Ẹni Tó Dìbò fún Mi àti Orí Tí Mò Ń Ṣọ́

Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹgbẹ́ àwọn akànṣẹ́ wa, mi ò tíì rí ẹni tó wọlé tọ̀ wá wá pé ká jọ̀ọ́, ká mú òfin le sí i fún òun. Gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn, ìdẹ̀rùn ló ń bá kiri. Kóòṣì á ní ká bá òun dín ọjọ́ ìsinmi ọmọ òun kù. Òbí á ní ká fojú fo ọjọ́ orí. Ẹni tó náwó sórí ìdíje á ní ẹni tí èrò tìtorí ẹ̀ san owó ìwọlé gan-an ni dókítà ní kó má jà yìí, ṣé a fẹ́ ba nǹkan jẹ́ fún òun ni. Èèyàn burúkú ò pọ̀ nínú wọn. Àánú wọn máa ń ṣe mí ní tòótọ́, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ náà ti le.

Ìbò ni wọ́n fi ń yàn wá, a ò sì gba owó oṣù. Kíláàbù kọ̀ọ̀kan ní ìbò kan, àwọn kóòṣì ló sábà máa ń dì í. Ẹni tó jókòó níwájú rẹ tó ń bẹ̀ ọ́ lónìí lè jẹ́ ẹni tó rìn láti jíìmù dé jíìmù kó o tó wọlé, òun náà ló sì lè yọ ọ́ nígbà ìdìbò tó ń bọ̀. Orí tí òfin ń ṣọ́ kò ní ìbò kankan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó fẹ́ jà lónìí lè bẹ̀bẹ̀, ó lè sunkún. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta tí ọmọ yẹn máa dà lọ́la, tí yóò máa wá kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ kiri ilé, kò sí ní yàrá ìpàdé. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tó yẹ ká wò níbẹ̀ ni kò tíì dé.

Òfin tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ láàárín wa ni ti ìsinmi àfipáṣe. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àwọn tí kì í jà gbowó, ìlànà tó ti wà tipẹ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀ṣẹ́ orí lù bolẹ̀, tàbí tí rẹfirí dá ìjà rẹ̀ dúró nítorí ẹ̀ṣẹ́ orí, kò gbọdọ̀ jà fún 30 ọjọ́ ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ṣe sparring, ìyẹn ìjà ìdánrawò inú jíìmù. Bí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí i láàárín oṣù mẹ́ta, ó di 90 ọjọ́. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù 12, ọdún kan gbáko ni. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé akànṣẹ́ náà, dókítà á fọwọ́ sí i, kò sì sí ìdíje tó yẹ kó gbà á wọlé títí ọjọ́ yẹn á fi pé.

Àwọn tí kò mọ ìdí òfin yìí máa ń rò pé ìyà la fi ń jẹ ẹni tó fìdí rẹmi. Ọpọlọ rọ̀, inú omi ló sì wà nínú agbárí. Ẹ̀ṣẹ́ tó bá gba àgbọ̀n máa ń yí orí bìrí. Agbárí á ti yí tán kí ọpọlọ tó tẹ̀ lé e, fífà yẹn ló sì ń ṣe àwọn okùn tín-ín-rín inú ọpọlọ léṣe. Lẹ́yìn rẹ̀, ọpọlọ nílò agbára púpọ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe, àkókò yẹn kan náà sì ni ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé agbára lọ síbẹ̀ máa ń dín kù. Lójú wa, ara ọmọ náà ti yá. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fo okùn. Bí ẹ̀ṣẹ́ mìíràn bá bá a báyìí, kódà kó jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ tí kò le, ọpọlọ lè wú lójijì. Àwọn ọ̀dọ́ ni irú ẹ̀ máa ń ṣe jù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa ń gbà kó tó pa èèyàn. Ti ẹni tí kò kú ńkọ́? Láti 1928 ni Harrison Martland, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa àwọn akànṣẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń tàsé bíi ti ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun.

Mo ti dúró ti dókítà wa nígbà tó ń yẹ ọmọ wò lẹ́yìn ìjà. Á fún un ní ọ̀rọ̀ márùn-ún kó há sórí. Á ní kó fi gìgísẹ̀ ẹsẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kó máa rìn bẹ́ẹ̀ lórí ìlà funfun tó wà nílẹ̀. Á ní kó ka oṣù láti Disẹ́ńbà padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló máa wá béèrè ọ̀rọ̀ márùn-ún ìsáájú. Ọmọ kan wà tó ka oṣù dáadáa títí dé Ọ́gọ́ọ̀sì, ló bá tún padà sí Òkútóbà, ó sì ń kà á lọ ní tirẹ̀ láìmọ̀ pé òun ti ṣì í. Kóòṣì rẹ̀ tó dúró sẹ́yìn wa ní, "Dókítà, ẹ má dá a lóhùn, kò mọ̀ ọ́n nílé ìwé tẹ́lẹ̀." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ohun tó máa kọ, ó pa ìwé náà dé.

Ẹjọ́ tó jẹ́ kí n mọ ibi tí mo dúró kò ṣẹlẹ̀ lórí ríìngì, inú ọ́fíìsì ló ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti lu ọ̀dọ́kùnrin kan ṣubú nínú ìdíje kan. Ó sinmi 30 ọjọ́ rẹ̀ pé, ó padà wá, rẹfirí tún dá ìjà rẹ̀ dúró nítorí ẹ̀ṣẹ́ orí, oṣù mẹ́ta ò sì tíì pé láàárín méjèèjì. Ìyẹn di 90 ọjọ́. Ìdíje tí wọ́n ti fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú wa wá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí 90 ọjọ́ náà tó pé.

Kóòṣì rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di báńdéèjì mọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òun ló sì polongo fún mi jù nígbà ìdìbò. Ó jókòó, kò bínú, kò pariwo. "Àbúrò," ló pè mí, níwájú gbogbo ìgbìmọ̀, "mi ò ní kẹ́ ẹ pa òfin rẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi yọ. Mo mọ ọmọ yìí. Ọdọ̀ mi ló ń sùn."

Ìyá ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú àwòrán ọpọlọ tí wọ́n yà fún ọmọ rẹ̀ dání nínú àpòòwé ńlá. Ó ń na àpòòwé náà sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ wò ó fúnra yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Dókítà wa rọra ṣàlàyé fún un pé àwòrán yẹn ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú agbárí tàbí egungun fọ́, pé ọpọlọ lè ṣèṣe kí àwòrán má sì gbé e. Mo rí i pé àlàyé náà ò wọ̀ ọ́ létí. Ta ni yóò wọ̀ létí? Wọ́n fún un níwèé tó ní ọmọ rẹ̀ ti dá, a wá ń sọ fún un pé kò tíì dá.

Nígbà tí wọ́n jáde, alága wa sọ̀rọ̀. Ó ní tìtorí èèyàn la ṣe ṣòfin, a ò ṣe èèyàn tìtorí òfin. Ẹlòmíràn ní ọmọ náà ò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, pé bí a bá tì í sí ìta báyìí, ohun tó máa bá pàdé níta lè burú ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Akọ̀wé wa ní kí ni ọjọ́ mẹ́rìnlá jẹ́ nínú 90, ṣé ẹni tó wà ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́rin ni orí ẹ̀ ò tíì san, tó wá jẹ́ pé ní ọjọ́ àádọ́rùn-ún ló máa san lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìbéèrè akọ̀wé yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Kò sí dókítà kankan láyé tó lè sọ pé ọjọ́ kẹrìndínlọ́gọ́rin léwu, pé ti àádọ́rùn-ún kò léwu. Ẹnì kan kàn fi òpó kan sílẹ̀ síbì kan ni. Àmọ́ ohun tí mo bi wọ́n padà ni pé, bí òpó náà bá lè sún sẹ́yìn lọ́jọ́ mẹ́rìnlá fún ọmọ tí kóòṣì rẹ̀ mọ̀ wá, tí ìyá rẹ̀ lówó ọkọ̀ láti wá jókòó tì wá, ibo la ó sún un dé fún ẹni tí kò lẹ́nìkan? Ṣé tirẹ̀ náà máa sún? Mo mọ̀ pé kò ní sún. Kò ní í dé ọ̀dọ̀ wa rárá, ìwé rẹ̀ nìkan la máa rí.

A dìbò. Ìbò kan ni òfin fi borí. Ọmọ náà ò lọ sí ìdíje yẹn, ẹlòmíràn tí wọ́n jọ wà ní ìwọ̀n kan náà ló lọ. Ó padà sórí ríìngì lẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ó jà, ó borí, ó pàdánù, ara rẹ̀ dá ṣáṣá títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Wọ́n sì ń fi ìyẹn bú mi. "Ṣé ẹ wá rí i pé kò sí nǹkan kan tó ṣe é?" Èsì wo ni kí n fọ̀? Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin ààbò kì í ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ewu tí kò ṣẹlẹ̀ kì í fi ojú àpá sílẹ̀ tí wọ́n á nawọ́ sí.

Àwọn tó ní ẹ̀rí, ẹ̀rí ìbànújẹ́ ni. Mo máa ń sọ ìtàn Benny Paret, akànṣẹ́ ọmọ Kúbà, fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìgbìmọ̀. Ní oṣù kẹrin 1961, Emile Griffith lù ú bolẹ̀ ní ráùndì 13. Ó gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó gòkè lọ bá Gene Fullmer tó tóbi jù ú lọ, ìyẹn sì nà án bí ẹni lu bàrà kó tó ṣubú ní ráùndì kẹwàá. Ní 24 oṣù kẹta 1962, wọ́n tún jẹ́ kó gun ríìngì ní New York láti bá Griffith jà. Ní ráùndì 12, ó há sí igun ríìngì, ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ lé e lórí, kò sì mọ ibi tó wà mọ́. Kò jí títí tó fi kú ní 3 oṣù kẹrin. Rẹfirí alẹ́ ọjọ́ yẹn, Ruby Goldstein, ni gbogbo ayé dá lẹ́bi pé ó pẹ́ kó tó dá ìjà dúró. Ó ṣeé ṣe kó pẹ́. Ṣùgbọ́n èmi, oṣù mẹ́ta ààbọ̀ tó wà láàárín Fullmer àti alẹ́ yẹn ni mo máa ń wò. Àwọn kan jókòó sínú ọ́fíìsì, ìwé wà níwájú wọn, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ti Muhammad Ali tún wà níbẹ̀, tiẹ̀ ló sì jọ ọ̀rọ̀ tiwa jù, nítorí pé ìfẹ́ ló fà á. Ní 1980, ẹni ọdún 38 ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó fẹ́ padà wá bá Larry Holmes jà. Dókítà rẹ̀ àtijọ́, Ferdie Pacheco, ti fi í sílẹ̀ láti 1977 nítorí pé ó ní kó jáwọ́, kò sì gbọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní Mayo Clinic, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó fún un láyè ní Nevada. Ìwé àyẹ̀wò náà kọ ọ́ pé kò lè fi ẹsẹ̀ kan ta pọ́nún bó ṣe yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ta á, pé ìka rẹ̀ ń tàsé imú díẹ̀. Wọ́n fún un ní láísẹ́ǹsì. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó sọ fún Ali pé rárá? Holmes lù ú ráùndì mẹ́wàá kí Angelo Dundee, kóòṣì Ali, tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ jà lẹ́ẹ̀kan sí i ní Bahamas pẹ̀lú Trevor Berbick, agogo tí wọ́n ń lù ní ríìngì níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn màlúù. Ní 1984, ayé gbọ́ pé ó ní àìsàn Parkinson. Mi ò sọ pé ìjà kan ló fà á, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tó fọwọ́ síwèé náà fẹ́ràn rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ọ̀tá àánú ni mí. Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú gbogbo ìtàn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni Eddie Futch, kóòṣì Joe Frazier. Ní Manila, 1 oṣù kẹwàá 1975, nígbà tí Frazier ń bá Ali jà, ráùndì kan péré ló kù nínú 15. Ojú Frazier ti wú débi pé kò rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀ mọ́. Frazier fẹ́ lọ. Òfin gbà á láyè láti lọ. Futch ní rárá, ó parí. Ẹ̀gbẹ́ òfin kọ́ ni àánú yẹn gbà, òkè òfin ló gbà kọjá. Irú àánú yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa tí wọ́n dìbò yàn, nítorí pé ẹni tó o ṣe é fún kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ náà.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni bí àwọn kan náà tó lawọ́ lórí ọ̀rọ̀ orí ṣe máa ń háwọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọ kan wá láti kíláàbù kékeré kan tó jìnnà, ó wọkọ̀ òru dé. Òǹtẹ̀ dókítà inú ìwé rẹ̀ ti lo ọjọ́ mẹ́ta ju ọdún kan lọ. Dókítà wà ní gbọ̀ngàn, ó jókòó, kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ mìíràn. Akọ̀wé wa, ẹni tó bi wá ní kí ni ọjọ́ mẹ́rìnlá jẹ́, bá fárí gá pé òfin ni òfin, àkókò ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá. Ẹni tó fẹ́ ká fojú fo ọ̀sẹ̀ méjì fún orí tí wọ́n ti lù lẹ́ẹ̀mejì ni kò lè fojú fo ọjọ́ mẹ́ta lórí òǹtẹ̀. A jiyàn títí, ọmọ náà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tó yá, wọ́n gbà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ara rẹ̀ le koko, ó jà. Òfin tó ń ṣọ́ fáìlì wa àti òfin tó ń ṣọ́ ọpọlọ ọmọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú ìwé òfin kan náà tí wọ́n sì ní nọ́ńbà tó jọra.

Ibi òṣùwọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń wọn akànṣẹ́ kó tó jà, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ẹ wá wo ọmọ tó fi nǹkan díẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Wọ́n á wọ ọ̀rá fún un, wọ́n á wọ súwẹ́tà méjì lé e, á máa fo okùn lẹ́yìn ilé, á di ife mú, á máa tutọ́ sínú ife náà kí omi ara rẹ̀ lè dín. Ètè rẹ̀ á ti funfun. Kóòṣì á sáré wá: "Ẹ̀gbọ́n, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, ẹ ṣàánú ọmọ." Bí mo bá fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ti fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i láti fi gbẹ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà á lọ gba ẹ̀ṣẹ́ sórí pẹ̀lú ara tó ti gbẹ. Agogo bá ti lù, mo máa ń ti tábìlì ni. Wọ́n máa ń pè mí ní òkú òǹrorò, mo sì ti gbà á lórúkọ.

Ìjà orí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn ló jẹ́ ká gbé àbá kan lọ sí ìpàdé gbogbogbòò. Àbá náà ni pé kí ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn má lè dìbò mọ́ láé lórí iye ọjọ́ ìsinmi ẹnikẹ́ni. Dókítà ni kó kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ dín sí ohun tí òfin wí, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gba dókítà kejì, àmọ́ dókítà kejì kò lè dín in, ó kàn lè fi kún un ni.

Bàbá àgbà kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ wa dìde. Ó ní, "Iṣẹ́ tá a dìbò yàn yín fún lẹ fẹ́ sá fún yìí. Bó bá jẹ́ dókítà ló máa pinnu, kí lẹ wá wà fún?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo dìde, mo ní, bàbá, òótọ́ lẹ sọ, à ń sá. À ń sá nítorí pé a ti rí ara wa nígbà tí ẹni tó dìbò fún wa bá jókòó níwájú wa, ìbò kan ló kù ká ṣubú. Mo ní bí òfin 90 ọjọ́ bá le jù, ẹ jẹ́ ká dín in kù níbí, lójú gbogbo wa, fún gbogbo ọmọ, kí dókítà sì wá sọ ìdí tó fi yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni WBC, àjọ àgbáyé kan tó ń rí sí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn àwọn tó ń jà gbowó, ṣe ṣe é lẹ́yìn ikú Duk Koo Kim, ọmọ Kòríà tí Ray Mancini lù ní ráùndì 14 ní oṣù kọkànlá 1982: wọ́n gé ráùndì ìjà bẹ́líìtì wọn láti 15 sí 12, fún gbogbo ayé, kì í ṣe fún ẹni tó bá mọ èèyàn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ká máa ṣí òfin bíi fèrèsé fún ẹnì kan, ká tún tì í mọ́ ẹlòmíràn lójú.

Apá kejì àbá náà ni mo fẹ́ràn jù, òun ló sì fa àríyànjiyàn tó gùn jù. Ẹni tó bá wà nínú ìsinmi kò ní san owó ẹgbẹ́ fún àkókò náà. Kò ní pàdánù ipò rẹ̀ nínú àtòjọ. Kíláàbù rẹ̀ lè mú un dání lọ sí ìdíje láti ṣiṣẹ́ ní igun ríìngì, kó gbé omi, kó di táwẹ̀lì mú, kó má baà jókòó sílé máa ronú. Títí dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó jiyàn. Wàhálà dé nígbà tá a ní bí ìdíje ìyannisípò bá bọ́ sínú ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, kó lè pe ẹni tó borí níjà lẹ́yìn ìsinmi, bí àyè bá wà kí wọ́n tó fi orúkọ ránṣẹ́. Kóòṣì ọmọ tó ti borí nígbà kan fò dìde: ṣé kí ọmọ òun borí lẹ́ẹ̀kan kó tún wá lọ borí lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹni tí wọ́n lù ṣubú níbòmíràn? Ṣé àánú ti ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ òun san? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ìdáhùn tí gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò sí. Wọ́n gba apá yẹn wọlé fún ìdánwò, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹni tó ti borí tẹ́lẹ̀ ni ipò máa jẹ́ tirẹ̀ bí ìjà náà bá dọ́gba lójú àwọn adájọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kóòṣì, ẹni tó bẹ̀ wá lórí ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn, lòdì sí mi nígbà ìdìbò tó tẹ̀ lé e. Ó ní ẹ̀tọ́. Ó polongo fún ẹlòmíràn bó ṣe polongo fún mi tẹ́lẹ̀, kò sì purọ́ kankan mọ́ mi, ó kàn ń sọ fún wọn pé ojú mi ti le jù. Mo wọlé, ìbò tí mo ní dín gan-an sí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìbò, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ṣì ń pè mí ní Àbúrò, kò kàn wá sílé mi mọ́ bó ṣe máa ń wá.

Ohun tó kù lọ́rùn wa báyìí ni sparring. Òfin ní ẹni tó wà nínú ìsinmi kò gbọdọ̀ ṣe é, àmọ́ ta ló ń wo inú jíìmù ní aago mẹ́fà ìdájí? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ́ orí ti ń wọlé, kò sí rẹfirí, kò sí dókítà, kò sì sí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá lu ọmọ ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó lè wọ ìdíje lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ìwé tó mọ́ kedere. A ti kọ lẹ́tà sí gbogbo kíláàbù pé kí kóòṣì máa kọ orúkọ ẹni tó bá ṣubú ní sparring ránṣẹ́ sí dókítà, pé a ò ní fi jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Díẹ̀ ló ti fèsì. Àkọ́kọ́ tó dé wá láti kíláàbù ẹ̀gbọ́n mi yẹn, orúkọ méjì ló wà nínú rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn méjèèjì kò ní jà nínú ìdíje oṣù yìí, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá bẹ òun.